Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àwòrán etíkun tí wọ́n ń tà láti inú búùtù mọ́tò

Bí ẹ bá rí àwòrán etíkun Florida àtijọ́ kan, tí ìgbì ń fọ́ funfun, tí ọ̀pẹ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí igi panṣẹ́kẹ́ pupa fòò létí omi, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ Upson, páálí líle tí àwọn kọ́lékọ́lé máa ń fi bo ògiri nígbà kan rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ àwọn Highwaymen.

Ọ̀dọ́ ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, ní ìlú Fort Pierce ní Florida, láti àwọn ọdún 1950. Alfred Hair, aṣíwájú wọn kan, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó ayàwòrán, A. E. Backus. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kọ́ sí gálárì láyé ìgbà yẹn? Hair bá ń to páálí rẹpẹtẹ kalẹ̀, á kun ojú ọ̀run gbogbo wọn tán kó tó kan omi. Wọ́n á fi pákó etí ògiri ṣe férémù, wọ́n á kó o sí búùtù nígbà tí ọ̀dà ò tíì gbẹ, ó di títì US 1, láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Nǹkan bíi dọ́là 25 ni wọ́n ń ta ọ̀kan nígbà náà.

Wọ́n yìnbọn pa Hair lọ́dún 1970, ọmọ ọdún 29 péré. Ó ṣì ń dùn mí. Lọ́dún 2004, Florida gba àwọn Highwaymen 26 wọlé sí Artists Hall of Fame rẹ̀. Mary Ann Carroll nìkan ni obìnrin láàárín wọn.