Adúláwọ̀ Orí Asà Ìlú Coburg

Oríkì orílẹ̀ ni a fi ń dá ìdílé mọ̀ nílẹ̀ wa. Ní Jámánì, àwòrán orí asà ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìlú àti àgbègbè ìjọba, ì báà jẹ́ kìnnìún, idì tàbí kọ́kọ́rọ́, tí yóò máa tọ́ka sí ọba àtijọ́ tàbí ẹni mímọ́ tí ìlú sá sábẹ́ ààbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé Coburg, ìlú tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí àgbègbè ìjọba ní àríwá Bavaria, tí í ṣe orírun Albert ọkọ Ọbabìnrin Victoria, yóò bá ohun tí kò retí: orí ọkùnrin dúdú kan, onírun kíká, tí ó fi yẹtí sétí, lórí asà aláwọ̀ wúrà.

Mauritius Mímọ́ ni, alábòójútó ìlú náà láti ìgbà láéláé. Ìtàn àwọn Kristẹni sọ pé balógun ni, tí ó kó ọmọ ogun Róòmù wá láti Thebes ní Íjíbítì ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹta; nígbà tí Késárì Maximian ní kí wọ́n rúbọ sí àwọn òrìṣà Róòmù, ó kọ̀ jálẹ̀, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì kọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ikú yá ju ẹ̀sín, títí a fi pa wọ́n ní Agaunum, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Switzerland lónìí. Nínú gbogbo ère rẹ̀ ní Jámánì, kò sí èyí tí ó wú mi lórí tó ti òkúta tí ó wà ní kàtídírà Magdeburg, tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí 1240 sí 1250: akọni adúláwọ̀ nínú ẹ̀wù ogun onírin, tí ojú rẹ̀ jẹ́ ojú ènìyàn gidi, tí ọlá sì hàn lára rẹ̀.

Àwọn Nazi kò lè fara da irú àmì bẹ́ẹ̀. Ní 1929, Coburg ni ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ gba ọ̀pọ̀ jùlọ àga ìgbìmọ̀ ìlú ní gbogbo Jámánì. Nígbà tí ó di 1934, wọ́n yọ orí ẹni mímọ́ kúrò, wọ́n fi idà rọ́pò rẹ̀, àmì ẹgbẹ́ wọn sì wà ní èèkù idà náà. Ẹni tí ó bá wẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí: ní 1945 wọ́n ṣubú, Mauritius sì padà sí àyè rẹ̀.

Ní 2020, àwọn kan kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí a pa àmì náà tì, nítorí pé bí wọ́n ti ya ètè àti yẹtí rẹ̀ dà bí ẹni ń fi aláwọ̀ dúdú ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn mìíràn kọ tiwọn láti gbèjà rẹ̀, wọ́n ní ọlá ni ìlú ń bù fún un. Lójú tèmi, ọwọ́ ayàwòrán ni ẹjọ́ náà wà, kò sí lọ́wọ́ ẹni mímọ́: bí ó bá jẹ́ balógun Magdeburg ni wọ́n yà síbẹ̀, pẹ̀lú ìhámọ́ra rẹ̀, ta ni ìbá bínú? Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ó ń pè é ní ọlá ṣàlàyé fún mi ìdí tí orí kan náà fi wà lára ìdérí irin tí wọ́n fi bo kòtò ẹ̀gbin ojú títì wọn, tí tọmọdé tàgbà ń fi bàtà tẹ̀ kọjá.