Nọ́ńbà Ni Orúkọ Ọjà: Ìdí Tí Ẹgbẹ́ Fi Ń Béèrè Rẹ̀

Láti ìgbà tí ìgbìmọ̀ tí ń bá wa ra ọjà ti sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá òun ra nǹkan gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà ọjà náà sínú fọ́ọ̀mù, ni àwọn kan ti ń ráhùn. Wọ́n ní ìwé ti pọ̀ jù. Wọ́n ní àwọn ti ń ṣòwò ní Múṣin kí ẹnikẹ́ni tó gbé fọ́ọ̀mù dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí ń bẹ tí obìnrin fi ń jẹ́ Kúmólú, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ yé ara wa.

Ohun tí ó kọ́kọ́ là wá lójú ni ọ̀rọ̀ bẹ́árìn. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń lọ ata kó owó jọ pé kí ẹgbẹ́ bá àwọn ra bẹ́árìn ẹ̀rọ ìlọta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ohun tí a kọ sínú ìwé ni "bẹ́árìn ẹ̀rọ ata, oníhò mílímítà 25." Ẹni tí a rán lọ ṣe bí a ti wí. Ó wọn ihò rẹ̀, ó pé 25 géérégé, ó sì kó páálí kan délé. Nígbà tí mẹkáníìkì gbé e, ó wọ ọ̀pá ẹ̀rọ wẹ́kú, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kò gbà á. Àṣé 6305 ni a rà, 6205 ni ẹ̀rọ wọn ń lò! Ihò àwọn méjèèjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n 6205 fẹ̀ tó mílímítà 52 láti etí dé etí, ó sì nípọn tó 15. 6305 fẹ̀ tó 62, ó nípọn tó 17. Ẹni tí ó tà á fún wa kò gbà á padà. Ó ní ohun tí a béèrè ni òun tà, àwa náà sì mọ̀ nínú ara wa pé kò parọ́. Owó àwọn ìyá wa sùn sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí a tó rí ẹni tí ó gba ọjà náà lọ́wọ́ wa ní ẹ̀dínwó. Ẹni tí ó ń gba owó ata tọ́rọ́-kọ́bọ̀ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ẹ wo nọ́ńbà náà dáadáa, kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn kọ síbẹ̀. Méjì tí ó ṣíwájú ń sọ irú bẹ́árìn tí ó jẹ́ àti bí ara rẹ̀ ti tóbi tó: 63 sanra ju 62 lọ. Méjì tí ó gbẹ̀yìn ń sọ ihò: ẹ fi 5 lọ́po rẹ̀. 04 di mílímítà 20, 05 di 25, 06 di 30. (Àwọn tí ó kéré ju 04 lọ ní tiwọn lọ́tọ̀: 00 jẹ́ 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17.) Bí ẹ bá rí 2RS lẹ́yìn rẹ̀, a fi rọ́bà bo ojú rẹ̀ ní ìhà méjèèjì, èyí tí ó wúlò fún ibi tí omi ata ti ń ta. Bí ó bá jẹ́ ZZ, irin pẹlẹbẹ ni a fi bò ó.

Ohun tí ó dùn mọ́ wa jù níbẹ̀ ni pé SKF ti Sweden ń kọ 6205, NSK ti Japan ń kọ 6205, FAG ti Jámánì náà ń kọ ọ́. Àwọn wọ̀nyí ń bá ara wọn du ọjà lójoojúmọ́ ayé, síbẹ̀ wọ́n gbà láti pe nǹkan kan náà ní orúkọ kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Múṣin fi lè bá ará Ṣáínà tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ ra bẹ́árìn láìsí ìjà. Àkójọ orúkọ àjọlò ni a ó máa pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa yìí: orúkọ tí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jọ fọwọ́ sí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, tí kì í yí padà láti ṣọ́ọ̀bù kan dé èkejì.

Ẹ fi kóńgò gàrí wé e. Ẹni tí ó bá ti ra gàrí ní ọjà méjì ní Èkó yìí mọ̀ pé kóńgò ẹnìkan lè jìn ju ti ẹnìkejì lọ, ẹlòmíràn á sì ti lu ìdí tirẹ̀ wọlé. Gbogbo wọn ń jẹ́ kóńgò. Ẹni tí ó bá ní kóńgò gàrí ti di iye báyìí ti dárúkọ o, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ìwọ̀n.

Ní Ládípọ̀, a kò kúkú ṣe aláìní orúkọ. Láti ayé tí Volkswagen kékeré ti ń jẹ́ Ìjàpá ni ẹnu wa ti mú. Lónìí, bí ẹ bá ní "Big Daddy," ọmọ ọ̀dọ̀ inú ọjà pàápàá mọ̀ pé Toyota Camry ti 2002 sí 2006 ni ẹ ń wí. "Muscle" ni èyí tí ó tẹ̀lé e, ti 2007 sí 2011. Honda Accord náà ní "Baby Boy," ó ní "End of Discussion," ó tún ní "Evil Spirit." A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi àwọn orúkọ yìí sílẹ̀. Ọgbọ́n ọjà ni wọ́n, wọ́n sì dùn lẹ́nu. Àbùkù wọn ni pé ìrísí mọ́tò ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sọ ohun tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé "Muscle" yẹ̀ wò. Nínú àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá, èyí tí ó ní sílíńdà mẹ́rin láti 2007 dé 2009, ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 ni, tí Toyota ń pè ní 2AZ-FE. Láti 2010, ó ti di lítà 2.5, 2AR-FE. Ojú kan náà, inú ọ̀tọ̀! Èyí tí ó ní sílíńdà mẹ́fà, lítà 3.5, tún wà lọ́tọ̀. Mẹ́ta ti pé lábẹ́ orúkọ kan. Bí oníbàárà bá tẹ yín láago láti Ìbàdàn pé kí ẹ fi wọ́tà pọ́ńbù "Muscle" ránṣẹ́, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ ó dì sínú ọkọ̀?

Ìdáhùn wà lára mọ́tò fúnra rẹ̀. Lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, àti ní ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, a kọ àmì mẹ́tàdínlógún sí i, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ṣásí nọ́ńbà. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí 0. Lára mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ń sọ ọdún tí wọ́n kà á sí: 9 ni 2009, A ni 2010. Ẹ rí i pé àmì kan ṣoṣo yẹn ti tó láti ya 2.4 sọ́tọ̀ kúrò lára 2.5. Kí oníbàárà fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó wá ọjà. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ọjà náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ti Toyota sábà máa ń jẹ́ ọ̀nà méjì, márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí ó jẹ́: 04465 ni páàdì bíréèkì iwájú, 04466 ni ti ẹ̀yìn. Márùn-ún kejì ń sọ irú mọ́tò tí ó bá mu. Nígbà mìíràn ilé-iṣẹ́ a tún ọjà ṣe, nọ́ńbà tuntun á sì rọ́pò ti àtijọ́. Ẹ má fa ti àtijọ́ ya nínú ìwé yín. Ẹ kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí oníbàárà tí mọ́tò rẹ̀ ti gbó á ṣì wá fi ti àtijọ́ béèrè.

Ẹ má rò pé àwa oníṣọ́ọ̀bù nìkan ni èyí ń dà láàmú. Àwọn elépo rọ̀bì tí wọ́n ń kọ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá sórí òkun bá a pàdé. Ẹni tí ó kọ́ ọ ń pe pọ́ńbù ní orúkọ kan, ẹni tí ó ṣe pọ́ńbù ń pè é ní òmíràn, ẹni tí yóò máa tún un ṣe fún ọgbọ̀n ọdún sì ní tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá kó ìwé lé ara wọn lọ́wọ́, ẹni tí ó gbà á á tún bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá jókòó pọ̀, wọ́n ṣe ìlànà àgbáyé kan tí a ń pè ní ISO 15926, tí apá kejì rẹ̀ jáde ní 2003, kí ìròyìn nípa ẹ̀rọ kan lè máa bá a lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ títí dé ọjọ́ tí wọ́n ó tú u palẹ̀. Owó wọn ju tiwa lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n wàhálà kan náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà inú agolo àti páálí, ti yín ni àwọn ilà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1974, ní ìlú Troy ní Ohio, Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka irú ilà báyìí lórí ọjà ní ìsanwó. Páálí ṣingọ́ọ̀mù ni. Àwọn kan ń sọ pé ọjà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615, Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí 615 ń sọ ni pé Nàìjíríà ni ilé-iṣẹ́ náà ti gba nọ́ńbà. Ó lè jẹ́ ibòmíràn ni wọ́n ti ṣe ọjà náà. Ilà yẹn sì ń sọ ohun tí ọjà jẹ́ nìkan. Agolo tí ó jáde lánàá àti èyí tí ó ti lé ọdún méjì, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lọ́tọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀mí ènìyàn, pàápàá lórí táyà. Bí ẹ bá rí 195/65R15, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 195, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, irin tí ó ń wọ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 15. Gbogbo wa mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ tún wá DOT, kí ẹ ka mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta péré ni nọ́ńbà ibẹ̀, a ti ṣe é kí ọdún 2000 tó dé, ẹ má tilẹ̀ bèèrè iye. Táyà lè máa dán bí bàtà ọlọ́dún, kí rọ́bà rẹ̀ ti kú. Ìwọ̀n ń sọ bóyá yóò wọ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ń sọ bóyá yóò gbé yín dé Ìbàdàn.

Ohun kẹta ni èyí tí ilé-iṣẹ́ kò lè kọ fún wa: ohun tí ojú ọjà náà ti rí. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, inú mọ́tò wo ni wọ́n ti yọ ọ́? Ta ni ó wọ̀ ọ́, ní ọjọ́ wo? Bí ó bá padà wá, kí ni ó ṣe é? Lónìí, orí ọmọ iṣẹ́ ni gbogbo ìyẹn wà, bí ọmọ iṣẹ́ bá sì gba òmìnira, ó bá a lọ. Nítorí náà ni fọ́ọ̀mù wa fi ní àyè fún un. Bí gbogbo wa bá kọ ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Yábàá ti fi owó rẹ̀ kọ́ nípa páàdì tí kì í pẹ́ jẹ, ọmọ ẹgbẹ́ ní Sùúrùlérè á rí i kà kí ó tó rà á.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dìde ní ìpàdé, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, bí mo bá kọ nọ́ńbà ọjà mi fún oníbàárà, ṣé kì í ṣe pé mo ti fi ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn hàn án?" A kò ní pa irọ́ fún wọn: àwọn kan á lọ o. Ẹni tí ó ní nọ́ńbà lọ́wọ́ lè béèrè iye kiri ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ọjà tí wọ́n ń dá padà fún yín lóṣù, owó mọ́tò tí ó gbé e lọ tí ó gbé e bọ̀, àti oníbàárà tí inú bí tí kò padà wá mọ́. Ní tiwa, a rò pé àǹfààní rẹ̀ ju àdánù lọ. Ẹlòmíràn tún ní àwọn aláyédèrú ń tẹ nọ́ńbà ojúlówó sára ọjà wọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ńbà ń sọ ohun tí a béèrè, kò lè jẹ́rìí ẹni tí ó ṣe é. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ kọ ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ rà á sí i, kí a lè mọ ibi tí a ó padà sí.

Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kí ó mú ògbólógbòó ọjà náà wá tàbí àwòrán rẹ̀ nínú fóònù. Akọ̀wé yóò bá a kọ ọ́, kò sí owó níbẹ̀. Ẹ lè kọ "Big Daddy" tàbí "Muscle" sí i, ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí a kò tíì parí ni ti ọjà tòkunbọ̀ tí wọ́n ti ha nọ́ńbà rẹ̀ kúrò. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí ẹgbẹ́ máa rà á bí owó rẹ̀ bá dára, àwọn mìíràn ní rárá. Ẹ mú èrò yín wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Títí di ìgbà náà, irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò ní wọ fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni yóò fi owó ara rẹ̀ rà á.