Ère Kékeré Inú Ọgbà Ìjọ Àgùdà

Àwórì ló ni ilẹ̀ Òjó, ṣùgbọ́n láti Ìba dé Òkòkòmáìkò, títí wọ Igbó-Elérin, Ègùn, Ìgbò àti Yorùbá ará òkè ti di aládùúgbò ara wọn. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá sì mọ́, tí àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà inú wọn bá kọrí sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ ni kì í wọlé láìkọ́kọ́ yà kí Màríà Wúńdíá, ẹni aṣọ funfun, ẹni àmùrè aláwọ̀ ojú ọ̀run, abiyamọ tó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ nínú ihò àpáta àtọwọ́dá. Ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹwàá, tí í ṣe oṣù Màríà àti ti Rósárì, níwájú irú ihò bẹ́ẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ti ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà.

A kò dédé gbẹ́ ihò náà. Ní 1858, ní ìlú Lourdes ní ilẹ̀ Faransé, Bernadette Soubirous, ọmọ tálákà, ọmọ ọdún 14, sọ pé obìnrin kan yọ sí òun nígbà 18 nínú ihò etí odò, ìjọ sì gbà pé Màríà ni. Ibẹ̀ ni àwọn ihò yòókù ti mú àpẹẹrẹ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwòrán 14 tó yí ògiri ká ń ròyìn ìrìn Jésù láti ilé ẹjọ́ Pílátù dé ibojì, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè fojú kà á. Sìmẹ́ńtì tàbí ẹfun ni a sábà fi ń da àwọn ère wọ̀nyí, ojú wọn sì jọ ti òyìnbó.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Ní 1947, Fádà Kevin Carroll, ẹni tí a bí ní Liverpool, àti Fádà Sean O'Mahoney, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ míṣọ́nárì Àgùdà tí à ń pè ní SMA, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: dípò kí wọ́n ránṣẹ́ sí Yúróòpù, àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ náà ni wọ́n ké sí. Aréógun ará Òsì, ẹni tí irin Ògún ń mú owó wá fún, agbẹ́gi bí ẹni ń gẹ iṣu, ti gbẹ́ ère eégún Ẹ̀pà àti ilẹ̀kùn ọlọ́lá kí àwọn Fádà tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, ló di ọ̀gá pàtàkì nínú ilé iṣẹ́ náà, ọ̀dọ̀ Bándélé sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ọmọ Mùsùlùmí, ti wá kọ́ṣẹ́ kún èyí tó bá nílé. Bí Mùsùlùmí àti ọmọ olórìṣà ṣe gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ère ìbí Jésù nìyẹn, tí àwọn ènìyàn inú Bíbélì wá fi ìmúra Yorùbá yọ síni. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 1954, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó tibẹ̀ jáde kò dúró.

Àwọn onígbàgbọ́ kan fajúro, wọ́n ní òrìṣà tí a lé síta lẹ̀ ń gbà wọlé padà. Èsì Carroll, tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ti 1967, ni pé ère inú ojúbọ Yorùbá sábà máa ń jẹ́ àwòrán olùsìn, kì í ṣe ti òrìṣà fúnra rẹ̀. Èmi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu pé ẹni tí ère onílà ojú ń dẹ́rù bà kì í fòyà ère ẹfun olójú búlúù; bóyá ohun tó ti òkèèrè wá ni a kì í bi léèrè ìran.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọ Òjó, Ìba àti Òkòkòmáìkò, nígbà tí ẹ bá tún dáwó ère, ẹ wá agbẹ́gilére kàn kí ẹ tó lọ bá onísìmẹ́ńtì. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ àtijọ́ sì wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́.