Ṣé O Mọ̀ Pé Sọ́fítíwíà Ìkọ̀wé Kan Ní Ẹ̀yà 78?

Sún mọ́ mi, jẹ́ n bi ọ́. Ta ló kọ sọ́fítíwíà ìkọ̀wé àkọ́kọ́ fún kọ̀ǹpútà inú ilé? Michael Shrayer ni, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1976. Electric Pencil ló sọ ọ́.

Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò bára wọn mu rárá. Bí ojú kọ̀ǹpútà oníbàárà kan bá yàtọ̀, Shrayer á tún un kọ. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹlòmíràn bá yàtọ̀, á tún un kọ. Ẹ̀yà mélòó ló wá dà? 78!

Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ṣì nìyẹn o. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ méjì mẹ́ta pọ̀ dé.

Lisa ti ilé-iṣẹ́ Apple dé ní January 1983. O lè ṣí lẹ́tà sílẹ̀, kí o tún ṣí ìṣirò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tom Malloy ló kọ LisaWrite, sọ́fítíwíà ìkọ̀wé orí rẹ̀. Iye Lisa ńkọ́? Dọ́là 9,995!

Ó wọ́n jù? Má ì lọ, wo èyí. Sinclair QL, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pọ́n-ùn 399 péré.

Ọjọ́ kejìlá oṣù January 1984 ni wọ́n gbé QL jáde. Ọjọ́ 12 lẹ́yìn rẹ̀ ni Macintosh tó dé. Macintosh ọdún yẹn kò lè ṣí ju sọ́fítíwíà kan lọ lẹ́ẹ̀kan. QL lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀, lórí mẹ́mòrì 128 KB! Fọ́tò kan nínú fóònù rẹ ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, QL ló lò nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

Quill ni wọ́n fi ń kọ̀wé lórí QL. Inú téèpù tín-ín-rín kan ló ń gbé. Téèpù náà gùn tó mítà 5, ó ń yí po yí po nínú kásẹ́ẹ̀tì kékeré, nǹkan bí 100 KB ló sì lè gbà. Psion tó ṣe Quill tún gbé e lọ sórí PC. Wọ́n tún gbé e sórí One Per Desk ti ICL, kọ̀ǹpútà tí tẹlifóònù wà lára rẹ̀!

July 1985, New York: kọ̀ǹpútà Amiga dé. Lọ́jọ́ náà, Andy Warhol fi ya àwòrán Debbie Harry lójú gbogbo èèyàn. Amiga lè máa tẹ ìwé kan jáde, kí o sì máa kọ òmíràn lọ.

Ibí yìí ló ti dùn. Motorola 68000 ni ṣíìpù inú Lisa, Macintosh, Amiga àti Atari ST. Àbúrò rẹ̀, 68008, ló wà nínú QL. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ṣé gbígbé sọ́fítíwíà láàárín wọn á wá rọrùn? Àgbẹdọ̀!

Mú dísìkì kan náà, ínǹṣì 3.5. Amiga á kó 880 KB sí i. Macintosh á kó 800. Atari ST á kó 720. Amiga kò sì lè ka ti Macintosh!

Tẹ bọ́tìnì tó ń múni bọ́ sí ìlà tuntun. Macintosh á fi nọ́ńbà 13 pamọ́. Amiga á fi 10. Atari ST á fi méjèèjì, 13 àti 10. Ìlà tuntun lásánlàsàn nìyẹn o!

Bọ́tìnì mélòó ló wà lára máòsì? Macintosh ní 1. Amiga àti Atari ní 2. Acorn Archimedes ní 3.

Bí o bá sì kúrò lọ́dọ̀ Motorola lọ bá Intel nínú PC, ojú rẹ á là. Ìdàkejì ni Intel ń to nọ́ńbà sí. Fi 1985 pamọ́ sórí Amiga, gbé e bẹ́ẹ̀ sórí PC, PC á kà á sí 49,415!

Kò tán. Mú lẹ́tà é. Nọ́ńbà 130 ni lórí PC, 142 lórí Macintosh, 233 lórí Amiga. Kọ é lórí PC, gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sí Macintosh, Ç lo máa bá. Kọ é lórí Amiga, gbé e lọ sí PC, Θ ti àwọn Gíríìkì lá jókòó síbẹ̀!

Tiwa ńkọ́? Nínú àyè 256 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Kò sí ọ̀kan! Ó dùn mí títí dòní. Ọdún 1993 ni wọ́n wọ inú Unicode: ẹ gba 7865, ọ gba 7885, ṣ gba 7779. Tí àmì ohùn bá sì gun orí ẹ, tó di ẹ́, nọ́ńbà méjì ni kọ̀ǹpútà ń lò fún un: 7865 àti 769.

WordPerfect ńkọ́? Orí kọ̀ǹpútà ńlá ìjọba ìlú Orem, ní Utah, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó dé orí PC lọ́dún 1982. Lọ́dún 1987, ó bọ́ sórí Amiga, ó bọ́ sórí Atari ST. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wọ Macintosh.

Microsoft Word orí Macintosh náà wọ Atari ST lọ́dún 1988. Ó pa orúkọ dà lójú ọ̀nà: Microsoft Write!

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ilé-iṣẹ́ GST kọ sọ́fítíwíà tí yóò máa darí QL. Sinclair kò lò ó mọ́. GST yí padà, wọ́n ṣe 1st Word fún Atari ST. Arọ́pò rẹ̀, 1st Word Plus, tún wọ Archimedes, kọ̀ǹpútà tó ń lo ṣíìpù ARM. Ìdílé ARM yẹn náà ló wà nínú fóònù ọwọ́ rẹ!

Ó ku ẹyọ kan. Ní Jámánì, lọ́dún 1985, ọmọ ọdún 16 kan, Marco Börries, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, ó sì ń ta StarWriter. Orí kọ̀ǹpútà kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gun DOS, ó gun OS/2, ó gun Windows, ó gun Linux. Lọ́dún 1999, ilé-iṣẹ́ Sun ra ilé-iṣẹ́ ọmọ náà ní mílíọ̀nù dọ́là 73.5!

StarWriter yẹn ló di OpenOffice, òun náà ló bí LibreOffice lọ́dún 2010. Ọ̀fẹ́ ni, kọ́bọ̀ kò sí níbẹ̀. Gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí o sì fi kọ orúkọ rẹ tòun ti gbogbo àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀.