Ọkọ̀ "Sport" Tòótọ́ àti Èyí Tí A Kàn Wọ̀ Láṣọ

Ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún àti láti Ìkòtún dé Ìgandò, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tí a ń pè ní tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń rà. Òun ni olùkọ́ ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́, òun ni ìyá ọlọ́jà fi ń kó ẹrù, òun náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ọkọ̀ gbé èrò nípasẹ̀ fóònù alágbèéká fi ń jẹun. Ẹni tí ó bá dúró wo ọkọ̀ níwájú àwọn tí ń tà á kò ní í pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan: "Ẹ̀gbọ́n, Sport ni èyí o, kì í ṣe ti lásán." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí a máa fi owó tí kò kéré kún iye ọkọ̀. Ó tọ́, nígbà náà, kí ẹni tí yóò san owó náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, kí ó sì mọ bí a ti ń wádìí rẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ kì í ṣe é ní ipò kan ṣoṣo. Bí a bá mú Toyota, tí ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà wa, Corolla tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 2003 títí dé 2008 wà ní ipò CE, tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, ó wà ní ipò LE, ó sì wà ní ipò S. S yìí ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní Corolla Sport. Nínú Camry ti 2007 sí 2009, tí àwọn ará Èkó sọ ní Muscle, LE, SE àti XLE wà lára ipò rẹ̀. SE ni Sport láàárín wọn. Àmì lẹ́tà wọ̀nyí wà lẹ́yìn ọkọ̀, lára bùútù, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀tàn ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lẹ́tà ṣeé yọ, ó sì ṣeé lẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rò pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Sport gbọ́dọ̀ lágbára ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Corolla. Ẹ́ńjìnnì líta 1.8 tí ó wà nínú LE ni ó wà nínú S. Ohun tí S fi yàtọ̀ ni ẹ̀wù ara rẹ̀: bọ́ńpà tí ó rọ̀ wálẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lọ lábẹ́ ilẹ̀kùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, iná kékeré inú bọ́ńpà tí a ń tàn nígbà kùrukùru, iná ńlá tí inú rẹ̀ dúdú díẹ̀, àti ọwọ́ ìtọ́kọ̀ tí a fi awọ bò. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Corolla kan wà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yàtọ̀ ní tòótọ́, èyí ni XRS ti 2005 àti 2006, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 170 tàbí kí ó dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n jíà ọlọ́wọ́ onípò mẹ́fà nìkan ni wọ́n fi sí i. Ẹni tí ó bá ń ta XRS ti àwọn ọdún wọ̀nyí tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, kí a bi í níbi tí ó ti rí i.

Ti Camry SE jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ṣe é fi sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí ó le sí i, kí ọkọ̀ má baà máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà tí a bá ń yà ní kọ́nà, wọ́n sì fi táyà orí rímù íńṣì 17 sí i. Síbẹ̀, SE kò túmọ̀ sí plọ́ọ̀gì mẹ́fà. SE oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin wà, ti mẹ́fà náà sì wà. Kí ẹni tí ń rìn ní ọ̀nà tí kòtò pọ̀ sí sì rò ó dáadáa kí ó tó san owó lé e nítorí líle sípíríǹgì yìí, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọ̀run rẹ̀ ni yóò gba ohun tí táyà bá kó, bọ́ńpà rírọ̀ a sì máa fi àyà họ gẹ́rẹ́ẹ̀sì.

Bí a ti ń sọ LE di Sport kò ṣòro. Ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣíìn, níbi tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù pọ̀ sí bí iyanrìn, a lè rí bọ́ńpà Sport, iná rẹ̀, rímù rẹ̀, pátákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti lẹ́tà rẹ̀ rà lọ́kọ̀ọ̀kan. Panẹ́ẹ̀lì-bítà yóò so wọ́n mọ́ ọkọ̀, ẹni tí ń kun ọkọ̀ yóò fọ́n pẹ́ńtì sí i, ó di Sport. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn ṣe ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹlòmíràn a máa ṣe é, yóò sì sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé òun ló ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a gba owó SE lọ́wọ́ ẹni tí a ta LE fún.

Ohun kan sì wà tí ó burú ju owó tí a san lé e lọ. A kì í sábà pààrọ̀ bọ́ńpà, iná àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń rà ní ọjà gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ni ó ti ní ìjàm̀bá kí ó tó gun ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí ó bá sì di pé a óò tún iwájú rẹ̀ ṣe, ẹni tí ń tún un ṣe lè rò pé iwájú Sport ni yóò mú èrè wá. Nítorí náà, bí a bá rí Sport ayédèrú, ìbéèrè tí ó kàn kì í ṣe "Èé ṣe tí wọ́n fi purọ́ ipò rẹ̀?" nìkan, "Kí ni ó ṣe iwájú rẹ̀ àtijọ́?" ni kí a bi í. Bóyá irin tí ó gbé ẹ́ńjìnnì ró ti wọ́, tí wọ́n sì fi iná jó o pọ̀. Ẹ̀mí ènìyàn márùn-ún ni ó jókòó lé irin náà.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbọ́ pé nọ́mbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ ni yóò tú àṣírí gbogbo. Nọ́mbà yìí jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, ó sì tún wà lára òpó ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ń sọ ohun púpọ̀. Bí àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni a ti ṣe é. 2 ni Kánádà, J sì ni Japan. Ẹ̀kẹwàá rẹ̀ ni ọdún ọkọ̀: 7 fún 2007, 8 fún 2008, 9 fún 2009, A fún 2010, B fún 2011. Ṣùgbọ́n kò sọ ipò fún wa nínú àwọn ọkọ̀ tí a ń wí yìí. Camry oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ti 2007 sí 2009, tí wọ́n ṣe ní Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky, 4T1BE46K ni nọ́mbà rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ CE, LE, SE tàbí XLE. Oníṣòwò tí ó bá nàka sí nọ́mbà yìí tí ó ní, "Ẹ wò ó, Sport ló kọ síbẹ̀ yẹn," ń tan oníbàárà jẹ, tàbí kí ó jẹ́ pé òun náà kò mọ̀.

Òpó ilẹ̀kùn ni ó ń sọ̀rọ̀ jù. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, a óò rí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Oṣù àti ọdún tí a ṣe ọkọ̀ náà wà nínú rẹ̀, àmì àwọ̀ rẹ̀ àti ti aṣọ ìjókòó rẹ̀ wà níbẹ̀, àmì gígùn kan sì tún wà tí ó jẹ́ ti irú ọkọ̀ náà gan-an. Àmì yìí ni àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara Toyota fi ń wo ìwé wọn kí wọ́n má baà ta ẹ̀yà LE fún oní-SE; ẹni tí ó ní ìwé náà yóò ka ipò ọkọ̀ jáde láìpẹ́. Ìwé mìíràn tún wà lára òpó kan náà tí ó ń sọ ìwọ̀n táyà àti afẹ́fẹ́ rẹ̀. Èyí kò nílò ọ̀mọ̀wé. Camry LE ti àwọn ọdún wọ̀nyẹn, 215/60R16 ni a kọ síbẹ̀. Ti SE ni 215/55R17. Bí ọkọ̀ bá dúró lórí rímù 17 tí òpó rẹ̀ sì ń sọ 16, ẹnìkan ti wọ̀ ọ́ ní bàtà tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi pẹ́ńtì bo ìwé náà, tàbí tí wọ́n ti họ ọ́ kúrò, èyí pẹ̀lú jẹ́ ìdáhùn.

Ẹ̀rí mìíràn wà láti òkè òkun. Ní 1958, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan, èyí tí Sẹ́nétọ̀ Mike Monroney ti ìpínlẹ̀ Oklahoma dá sílẹ̀, pé gbogbo ọkọ̀ tuntun tí a bá ń tà gbọ́dọ̀ ní ìwé lára gíláàsì rẹ̀ tí yóò sọ ipò rẹ̀, ohun èlò tí ó wà nínú rẹ̀ àti iye rẹ̀. Ìwé náà ti ya kí ọkọ̀ tó dé èbúté Tin Can, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ipò ọkọ̀ kì í sábà parẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gba owó láti fi nọ́mbà 17 náà wá ìtàn ọkọ̀ jáde: ipò rẹ̀, ìjàm̀bá rẹ̀, àti iye máìlì tí ó ti rìn. Owó rẹ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọkọ̀. Kí ẹni tí ń rà á fúnra rẹ̀ ka nọ́mbà náà lára ọkọ̀, kí ó má ṣe gba ìwé tí oníṣòwò ti tẹ̀ sílẹ̀ dè é.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wá wo inú ọkọ̀. Nínú Camry SE ti 2007 sí 2011, àwọn tí ó ṣe é fi irin kan tí ó rí bí lẹ́tà V sí ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn kí ara ọkọ̀ lè le. Nítorí irin yìí, ẹ̀yìn ìjókòó náà kì í dà wálẹ̀ bí ti LE, tí a máa ń dà kí ẹrù gígùn lè ti inú bùútù wọlé. Kí a ṣí bùútù, kí a wo ọ̀kánkán ẹ̀yìn ìjókòó. Bí ìjókòó bá dà wálẹ̀ gbalaja, tí kò sì sí irin, ọkọ̀ náà kì í ṣe SE, ohunkóhun tí ì báà kọ sí ara bùútù rẹ̀. Èyí ni ẹ̀rí tí àwọn tí ń wọ ọkọ̀ láṣọ kì í rántí, nítorí pé ojú òde ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ sí.

Ti Corolla S kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé aṣọ ni ìyàtọ̀ rẹ̀. A óò wo bí aṣọ náà ti rí lára. Kí a tan iná kékeré inú bọ́ńpà: òrùka tí ń tàn án wà lára ọ̀pá iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Bí iná bá wà nínú bọ́ńpà tí òrùka kò sì sí lára ọ̀pá, tàbí tí rẹwáyà ti gbẹ́ bọ́tìnì àjèjì sí ibòmíràn, iná náà kò bá ọkọ̀ wáyé. Kí a wo àwọ̀ bọ́ńpà ní ọ̀sán gangan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ilẹ̀kùn, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́ àti lábẹ́ iná mànàmáná. Kí a sì fọwọ́ tọ ẹsẹ̀ pátákó ẹ̀gbẹ́, bóyá ìṣó ni wọ́n fi kàn án. Pátákó orí bùútù, tí wọ́n ń pè ní spoiler, kì í ṣe ẹ̀rí rárá, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè dì í mọ́ ọkọ̀. Àǹfààní kan tí a lè rí nínú rẹ̀ ni pé, bí wọ́n bá lu bùútù láìdára láti dì í, omi òjò yóò ti wọlé, kápẹ́ẹ̀tì inú bùútù yóò sì máa rùn.

Arákùnrin ẹ̀tàn yìí ni sísọ ọkọ̀ 2007 di 2010 tàbí 2011 nípa pípààrọ̀ iwájú àti iná ẹ̀yìn. Lẹ́tà kẹwàá nínú nọ́mbà ìdánimọ̀ ti tó fún un.

Ní ti ìwé ọkọ̀, nọ́mbà ara ọkọ̀, ti ìwé owó-orí kọ́sítọ́ọ̀mù àti ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu láìyẹ̀ lẹ́tà kan. Nọ́mbà KTU tí ó wà lára ọkọ̀ Alímọ̀ṣọ́ kò jẹ́rìí sí ipò rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni ó ń sọ. Kí mẹkáníìkì tí oníbàárà mú wá fúnra rẹ̀ sì wo abẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe èyí tí ó jókòó ti oníṣòwò.

Òfin Àpapọ̀ ti 2018 lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ka sísọ ọjà ní ohun tí kì í ṣe sí ẹ̀ṣẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ní àjọ tirẹ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà, LASCOPA, tí a lè mú ẹjọ́ lọ bá. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹnu lásán ṣòro láti dá. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé-ẹ̀rí owó kí owó tó kúrò lọ́wọ́: orúkọ ọkọ̀, ọdún rẹ̀, lẹ́tà ipò rẹ̀, ìyẹn LE tàbí SE tàbí S, àti nọ́mbà 17 náà pé pérépéré, pẹ̀lú ìbuwọ́lù ẹni tí ó tà á. Oníṣòwò tí ó dá Sport rẹ̀ lójú yóò kọ ọ́ láìjanpata. Bí ó bá ní kí a fi ìlà náà sílẹ̀, LE ni kí á bá a dúnàádúrà lé lórí.