Kòkòrò tí Ń Para Dà Nínú Ara Obìnrin

Ẹ̀yin ìyá, bí ojú ara bá ń yún obìnrin, tí nǹkan funfun bí wàrà tí ó dì sì ń jáde, ìjà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wọ inú ilé. Ọkọ a fura sí aya, aya a fura sí ọkọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Candida albicans ni ó sábà máa ń fa irú ìyọnu yìí, ẹbí olú àti ìwúkàrà ni. Kì í ṣe àlejò: ó ń gbé ẹnu, ìfun àti ojú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le. Nínú obìnrin 4, nǹkan bí 3 ni ó ń rí ìyọnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, ní ayé wọn.

Nígbà tí ó bá ń ṣe jẹ́jẹ́, ó rí roboto. Ṣùgbọ́n bí oògùn apakòkòrò bá pa àwọn kòkòrò rere tí ń ṣọ́ ojú ara, tàbí bí oyún tàbí àtọ̀gbẹ bá yí ipò ara padà, ó lè na ara rẹ̀ di fọ́nrán gígùn bí òwú. Fọ́nrán yìí ni ó ń gún ara wọlé. Ní 2016, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ó tún ń tu oró.

Báwo ni ohun tí kò ní ojú ṣe ń mọ ọ̀nà? Kálísíọ́mù ni, èyí kan náà tí ń mú egungun ọmọ wa le. Bí ṣóńṣó fọ́nrán bá kan nǹkan, kálísíọ́mù tí ń gba àwọn ihò tóóró wọ inú rẹ̀ ni ó ń darí ibi tí yóò yà sí. Ní 2007, àwọn olùwádìí Yunifásítì Aberdeen ní Scotland rí i pé bí a bá dí i lọ́nà, fọ́nrán náà ṣì ń gùn, ṣùgbọ́n ó dà bí afọ́jú tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí fi wàrà mímu sílẹ̀ o! Kálísíọ́mù kì í tán nínú ẹ̀jẹ̀ wa.)

Kálísíọ́mù náà tún ń jí èròjà kan, calcineurin, tí ń jẹ́ kí kòkòrò yìí lè fara da oògùn. Fluconazole tí dókítà ń kọ fún wa kì í sábà pa á, ó kàn ń dá ìdàgbà rẹ̀ dúró ni. Nínú ìgò ìwádìí, bí a bá dí calcineurin lọ́wọ́, oògùn kan náà a pa á. Ṣùgbọ́n àwa náà ní calcineurin, ẹni tí a bá sì dí tirẹ̀, agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn jà a dínkù.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ra kápúsù apakòkòrò lọ́wọ́ oníkiri, ẹ má sì fi ọṣẹ fọ inú ojú ara. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ yín wò, nítorí kì í ṣe gbogbo ìyún ni ti Candida, kí ẹ sì lo oògùn tí wọ́n bá fún yín tán.