Òkúta tí Omi Ń Jẹ

Ẹ wo ṣọ́ọ̀kì tí olùkọ́ fi ń kọ ABD sára pátákó ní kíláàsì yín. Púpọ̀ nínú wa rò pé ẹfun tí wọ́n ń tà lọ́jà ni. Rárá o. Amọ̀ funfun ni ẹfun. Òkúta kan ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀kì, orúkọ rẹ̀ ni jípísọ́ọ̀mù. Òun náà ni P.O.P. tí àwọn olówó fi ń ṣe àjà ilé. Òun ni dókítà fi ń di ẹsẹ̀ ẹni tí eegun rẹ̀ kán. Díẹ̀ wà nínú àpò sìmẹ́ńtì pàápàá. Bí kò bá sí i, sìmẹ́ńtì ìbá le gbagidi kí bíríkìlà tó pò ó tán.

Òkúta yìí rọ̀. Bí ẹ bá fi èékánná ha á, yóò ní àmì. Ẹ fi èékánná ha òkúta akọ wò, èékánná ni yóò jẹ. Omi sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá wọn 100 pọ́n-ùn jípísọ́ọ̀mù, nǹkan bí 20 pọ́n-ùn nínú rẹ̀ jẹ́ omi. Kì í ṣe omi tí a lè fún jáde bí ti aṣọ tútù. Ó ti wọ inú ara òkúta lọ. Bí a bá yan òkúta náà lórí iná, púpọ̀ nínú omi náà yóò jáde, òkúta yóò sì di lẹ́búlẹ́bú. Bí a bá tún bu omi sí lẹ́búlẹ́bú yìí, yóò gba omi rẹ̀ padà, yóò tún di òkúta.

Jípísọ́ọ̀mù wà ní Nàìjíríà, ní Nafada ní ìpínlẹ̀ Gombe àti ní Fika ní ìpínlẹ̀ Yobe. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. A kì í rí i kó dà sílẹ̀ bí iyanrìn, ìdí rẹ̀ sì ni pé omi a máa jẹ ẹ́. Ó ń yọ́ nínú omi bí iyọ̀ ti ń yọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yá tó iyọ̀. Iyanrìn etí òkun Èkó wà níbẹ̀ nítorí pé omi kò lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n jípísọ́ọ̀mù, òjò a yọ́ ọ, odò a gbé e lọ sínú òkun, ó parí.

Ibì kan wà ní Amẹ́ríkà, nínú aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ New Mexico, tí ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. White Sands ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni Iyanrìn Funfun. Iyanrìn jípísọ́ọ̀mù bo ilẹ̀ tó fẹ̀ tó máìlì onígun mẹ́rin 275. Òkìtì mìíràn nínú rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60. Ìjọba fi ibẹ̀ sábẹ́ ààbò ní 1933, ó sì di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 2019.

Báwo ló ṣe dé ibẹ̀? Ó lé ní mílíọ̀nù ọdún 250 sẹ́yìn tí òkun bo agbègbè náà. Òkun náà ń gbẹ, ó ń padà, jípísọ́ọ̀mù sì ń kù sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ títí, ilẹ̀ yẹ̀. Apá kan ga sókè, ó di òkè San Andres ní ìwọ̀-oòrùn àti òkè Sacramento ní ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ àárín wọn rì, ó dà bí abọ́ ńlá. Jípísọ́ọ̀mù tó wà nísàlẹ̀ òkun tẹ́lẹ̀ wá di ara òkè.

Abọ́ yìí kò ní ẹnu. Kò sí odò kan tó ń jáde nínú rẹ̀ lọ sínú òkun. Òjò a rọ̀ sórí òkè, a jẹ jípísọ́ọ̀mù, a sì gbé e wá sí ibi tó rẹlẹ̀ jù. Nígbà tí omi bá débẹ̀, kò rí ọ̀nà lọ mọ́, àfi sókè. Òjò ibẹ̀ kò ju nǹkan bí ínǹṣì 10 lọ lọ́dún kan. Ti Ìbàdàn tó nǹkan bí 50. Oòrùn a fa omi náà gbẹ. Ẹ ti rí ìkòkò omi iyọ̀ tí a gbàgbé sórí ààrò rí, àbí? Omi lọ, iyọ̀ kù ní ìdí ìkòkò.

Nígbà tí òtútù líle mú apá púpọ̀ nínú ayé, adágún ńlá kan wà nínú abọ́ náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é ní Lake Otero. Ó ti gbẹ tipẹ́. Èyí tó kù ni adágún kékeré kan, Lake Lucero, tí ó jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ pẹrẹsẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú ẹrẹ̀ rẹ̀ ni jípísọ́ọ̀mù ti ń hù jáde bí ọ̀pá dígí, àwọ̀ rẹ̀ bí oyin. Òtútù òru àti ooru ọ̀sán a là á sí wẹ́wẹ́. Afẹ́fẹ́ a gbá a, a máa fi ọ̀kan lọ èkejì, títí yóò fi di iyanrìn. Bó ti ń ha ara wọn yìí ló fi di funfun. Ẹni tó bá ti lọ dígí rí mọ̀ pé dígí gaara náà a máa funfun bí ó bá kúnná.

Afẹ́fẹ́ kan náà ní í ti àwọn òkìtì rìn. Èyí tó súnmọ́ adágún lè rìn tó ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ́dún kan. Kí ló wá dé tí afẹ́fẹ́ kò tíì gbá gbogbo rẹ̀ lọ? Omi ni. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ láàárín òkìtì méjì kò ní gbẹ́ jìnnà kó tó kan omi. Omi yìí ń rin iyanrìn láti ìsàlẹ̀, ó sì ń dì í mú. Ọmọdé tó ń fi iyanrìn kọ́lé mọ̀ pé tútù ló ṣe é kọ́, gbígbẹ a wó. Nítorí omi yìí náà ni iyanrìn ibẹ̀ kì í fi í jó ẹni lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Bí omi abẹ́ ilẹ̀ náà bá lọ sílẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ yóò kó iyanrìn náà lọ. Àwọn ènìyàn sì wà nítòsí tí wọ́n nílò omi. Ìlú Alamogordo kò jìnnà. Omi abẹ́ ilẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀ ní iyọ̀, ṣùgbọ́n ní 2007, wọ́n ṣí ilé ìwádìí kan ní ìlú náà láti wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa yọ iyọ̀ kúrò nínú irú omi bẹ́ẹ̀. A kò lè dá ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n inú abọ́ kan náà ni iyanrìn àti ènìyàn ti ń mu.

Ohun mìíràn tún wà nínú ilẹ̀ adágún àtijọ́ náà: ipasẹ̀ ènìyàn. Ní 2021, àwọn ọ̀mọ̀wé kéde pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó ọdún 21,000 sí 23,000, ti àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan jiyàn, wọ́n tún un yẹ̀ wò, àbájáde 2023 bá ti àkọ́kọ́ mu. Níbòmíràn nínú ilẹ̀ náà, ẹnì kan, bóyá obìnrin, gbé ọmọ kékeré rìn nínú ẹrẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì kan. Ó ń yára. Ó ń sọ ọmọ náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ipasẹ̀ ọmọ wà níbẹ̀. Nígbà tó ń padà bọ̀, kò gbé ọmọ mọ́. Kó tó padà, irú erin ńlá kan tí kò sí láyé mọ́ ti kọjá lórí ipasẹ̀ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń ṣí àwọn ipasẹ̀ yìí síta bí ilẹ̀ ti ń gbẹ. Bí ó bá ṣí wọn tán, kì í pẹ́ tí afẹ́fẹ́ kan náà yóò fi gbá wọn rẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń yára wọ̀n wọ́n, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò wọn.